Bí A Bá Gbà Pé A Jẹ̀bi, Ṣé Ẹjọ́ Ti Parí Nìyẹn?

Ọ̀tọ̀ ni Ìkòyí tí ariwo rẹ̀ gba ayé kan, ọ̀tọ̀ ni Ìkòyí ti àwọn Okun. Ti Èkó ni Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ ti ń jókòó, ibẹ̀ náà sì ni ọgbà ẹ̀wọ̀n Ìkòyí wà. Ti àwọn Okun wà ní ilẹ̀ Ìjùmú, ìpínlẹ̀ Kogi, níbi tí wọ́n ti ń fi “ọkun o” kí ara wọn, tí ẹni tí ẹjọ́ ńlá bá já lé lórí sì máa ń gba Kàbà tàbí Lọ́kọ́jà lọ. Bí ẹ̀sùn bá ti jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, òfin kan náà ló de ìlú méjèèjì. Ṣùgbọ́n ojú tí òfin náà fi ń wo olówó kọ́ ló fi ń wo mẹ̀kúnnù, ibi tí èyí sì ti hàn jù ni ìwé kan tí wọ́n máa ń gbé síwájú ẹlẹ́jọ́ pé kó fọwọ́ sí.

Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹwàá ọdún 2010, Cecilia Ibru, ọ̀gá àgbà Oceanic Bank nígbà kan, dúró níwájú Adájọ́ Dan Abutu ní Èkó. Ẹ̀sùn 25 ni wọ́n ti kà sí i lọ́rùn tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn tí àwọn lọ́yà rẹ̀ àti EFCC, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti jìbìtì owó, ti jọ sọ̀rọ̀, ó ní òun jẹ̀bi mẹ́ta péré. Ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà mẹ́fà ni adájọ́ fún un lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì pa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ kó lè ṣe wọ́n lẹ́ẹ̀kan náà. Dúkìá tí wọ́n ní ó tó bílíọ̀nù 191 náírà ló fi sílẹ̀ fún ìjọba. Ẹni tó bá fẹ́ ka oṣù mẹ́fà náà sí ìyà lè kà á, ẹni tó bá sì fẹ́ rẹ́rìn-ín lè rẹ́rìn-ín. Ohun tí kò sí iyàn nínú rẹ̀ ni pé obìnrin náà mọ ohun tó ń ṣe. Àwọn lọ́yà àgbà yí i ká, wọ́n sì ti yẹ gbogbo gbólóhùn wò kó tó la ẹnu.

Àwọn àgbà máa ń sọ pé ẹni tó bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Orí ọgbọ́n yìí ni ohun tí àwọn lọ́yà ń pè ní plea bargain dúró lé, èyí tí a ó máa pè ní àdéhùn ẹ̀bi níbí. Ẹlẹ́jọ́ á gbà pé òun jẹ̀bi, ìjọba á dín ẹ̀sùn kù tàbí kó bẹ adájọ́ kí ó dín ìyà kù, owó tí wọ́n jí á padà, àkókò ilé ẹjọ́ kò sì ní ṣòfò. Kó tó di pé òfin kankan kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní kedere ni EFCC ti ń lò ó. Tafa Balogun, ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún tó ti jẹ́ ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá gbogbo orílẹ̀-èdè yìí, ló kọ́kọ́ jẹ́ kí ará ìlú mọ bó ṣe rí. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2005, ó gbà pé òun jẹ̀bi ẹ̀sùn mẹ́jọ, ó gba ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà àti owó ìtanràn mílíọ̀nù mẹ́rin náírà, ó sì pàdánù dúkìá tó jẹ́ ti ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù. Ní oṣù keje ọdún 2007, ó kan Diepreye Alamieyeseigha, gómìnà Bayelsa tẹ́lẹ̀. Òun gba ọdún méjì lórí ẹ̀sùn mẹ́fà, wọ́n pa gbogbo rẹ̀ pọ̀, wọ́n sì kà á láti ọjọ́ tí wọ́n ti mú un, ìyẹn ni pé kò pẹ́ rárá tó fi padà sílé. Lucky Igbinedion tó ṣe gómìnà Ẹdó ní tirẹ̀ san mílíọ̀nù mẹ́ta ààbọ̀ náírà ní oṣù kejìlá ọdún 2008, ó sì rìn jáde ní kóòtù.

Inú bí àwọn ènìyàn. Inú bí àwọn adájọ́ pàápàá. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2011, Dahiru Musdapher tó jẹ́ Adájọ́ Àgbà Nàìjíríà nígbà náà sọ ní gbangba pé nǹkan àjèjì tí a kò mọ orísun rẹ̀ ni àdéhùn ẹ̀bi, pé kò sí i nínú òfin wa, àti pé àwọn olè ńláńlá ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún kí wọ́n lè bọ́ sílẹ̀ wẹ́rẹ́. Ọ̀rọ̀ náà le, kò sì fi bẹ́ẹ̀ péye tán, nítorí ìpínlẹ̀ Èkó ti kọ ọ́ sínú òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn tirẹ̀ láti ọdún 2007. Ṣùgbọ́n Musdapher sọ ohun tó wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà ni ìjọba àpapọ̀ fún àdéhùn ẹ̀bi ní ilé tó dúró ṣinṣin. Òfin ìṣàkóso ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ọdún 2015, tí wọ́n ń pè ní ACJA, ya abala 270 sọ́tọ̀ fún un. Ẹni tó bá fara balẹ̀ ka abala náà yóò rí i pé kì í ṣe iṣẹ́ aláìmọ̀kan. Agbẹjọ́rò ìjọba kò gbọdọ̀ dá ṣe é, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ tàbí aṣojú rẹ̀ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Adájọ́ kò gbọdọ̀ bá wọn jókòó dúnàádúrà. Àdéhùn náà gbọ́dọ̀ wà lákọsílẹ̀, kí agbẹjọ́rò ìjọba, ẹlẹ́jọ́, lọ́yà rẹ̀, àti ògbufọ̀ bí ó bá wà, sì buwọ́ lù ú. Nígbà tí wọ́n bá gbé e dé kóòtù, adájọ́ á bi ẹlẹ́jọ́ léèrè bóyá lóòótọ́ ló gba ẹ̀sùn náà, àti bóyá tinútinú ló fi ṣe é. Bí adájọ́ bá rí i pé ìyà tí wọ́n fẹnu kò sí kéré jù, ó gbọ́dọ̀ sọ fún ẹlẹ́jọ́ pé tòun á ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹlẹ́jọ́ lè gbà bẹ́ẹ̀, ó sì lè yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Bó bá yí i padà, ẹjọ́ á bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun níwájú adájọ́ mìíràn, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ dárúkọ àdéhùn àtijọ́ náà níbẹ̀.

Lẹ́yìn gbogbo ìṣọ́ra yìí ni a ó wá kan ẹsẹ kejìdínlógún. Ó kúrú. Ohun tó sọ ni pé ìdájọ́ tí wọ́n bá gbé kalẹ̀ lórí irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ ti dópin, pé kò sí ilé ẹjọ́ kankan tí ẹnikẹ́ni lè pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sí lórí rẹ̀, àfi bí ẹ̀sùn jìbìtì bá wà nínú ọ̀rọ̀ náà.

Jìbìtì nìkan. Bí ògbufọ̀ bá túmọ̀ ọ̀rọ̀ sódì, ìyẹn kì í ṣe jìbìtì. Bí lọ́yà bá jẹ́ ọ̀lẹ tí kò ka fáìlì, ìyẹn kì í ṣe jìbìtì. Bí adájọ́ bá tilẹ̀ ṣi òfin kà, tó fún ènìyàn ní ẹ̀wọ̀n tó ju èyí tí òfin yọ̀ǹda lọ, àṣìṣe ni, kì í ṣe jìbìtì. Gbogbo ohun wọ̀nyí ni ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn wà fún.

Ohun tó yani lẹ́nu jù kò sí nínú ẹsẹ kejìdínlógún fúnra rẹ̀. Inú ẹsẹ keje ló wà. Ibẹ̀ ni òfin ti to ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ sọ fún ẹlẹ́jọ́ kó tó buwọ́ lùwé: pé ó ní ẹ̀tọ́ láti dákẹ́, ohun tó lè tẹ̀yìn rẹ̀ yọ bí kò bá dákẹ́, àti pé kò di dandan kó jẹ́wọ́ ohunkóhun tí wọ́n lè lò lòdì sí i. Ó parí síbẹ̀. Kò sí ibi tí wọ́n ti ní kí ẹnikẹ́ni sọ fún un pé bó bá ti buwọ́ lù ú, kò ní lè gba ilé ẹjọ́ mìíràn lọ mọ́. Ẹ̀tọ́ tó tóbi jù nínú ohun tó ń fi sílẹ̀ ni wọn kò ní kí wọ́n dárúkọ fún un. Obìnrin tí àwọn lọ́yà àgbà yí ká kò nílò kí adájọ́ sọ ìyẹn fún òun. Ta ló máa sọ ọ́ fún ọmọ Ìjùmú?

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí ènìyàn fi ń yára buwọ́ lu irú ìwé bẹ́ẹ̀ kó wo ọgbà ẹ̀wọ̀n Kàbà. Ọdún 2008 ni wọ́n dá a sílẹ̀, ènìyàn 200 ni wọ́n sì kọ́ ọ fún. Nígbà tí àwọn agbébọn ya wọ ibẹ̀ ní òru ọjọ́ 12 oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, tí 240 ẹlẹ́wọ̀n sì sá lọ, àwọn aláṣẹ ọgbà ẹ̀wọ̀n ṣí ìwé wọn fún aráyé. Ẹni 294 ló wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Nínú wọn, 70 péré ni ilé ẹjọ́ ti dá lẹ́bi. Àwọn 224 yòókù ń dúró de ìgbẹ́jọ́ ni. Ariwo àwọn tó sá lọ ni gbogbo ìwé ìròyìn gbé, iye tó yẹ kó ba èèyàn lọ́kàn jẹ́ jù sì gba ẹ̀gbẹ́ kan kọjá: nínú ènìyàn mẹ́rin tó wà ní Kàbà, mẹ́ta ni ẹnikẹ́ni kò tíì sọ pé ó jẹ̀bi ohunkóhun.

Ká ní ọmọkùnrin kan láti Ìkòyí Ìjùmú wà lára irú àwọn bẹ́ẹ̀. Ká ní fóònù àti láptọ́ọ̀pù ni wọ́n bá lọ́wọ́ rẹ̀, tí wọ́n ní ó fi orúkọ ẹlòmíràn gba owó lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ti sún ẹjọ́ rẹ̀ síwájú títí ó fi sú u. Ìyá rẹ̀ ti ta ohun tó ṣeé tà kí wọ́n lè rí béèlì, kò sì bọ́ sí i. Lọ́yà tí ìjọba yàn fún un kò bá a sọ̀rọ̀ ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ ní ẹ̀gbẹ́ kóòtù. Wọ́n wá sọ fún un pé bó bá gbà pé òun jẹ̀bi, oṣù mẹ́fà ni tàbí kó san owó ìtanràn, wọ́n á gba fóònù náà, á sì máa lọ sílé. Bí kò bá gbà, kò sẹ́ni tó mọ ọdún tí ẹjọ́ máa parí. Kò sẹ́ni tó lù ú, kò sẹ́ni tó purọ́ fún un. Nígbà tí adájọ́ bá bi í bóyá tinútinú ló fi ṣe é, á ní bẹ́ẹ̀ ni. Àní, òótọ́ ló sọ. Ó wù ú kó kúrò níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó yẹ ká là yé ara wa, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn, títí kan àwọn tó kàwé, ló ń pa á pọ̀. Ẹni tó dìde ní kóòtù tó ní òun jẹ̀bi láìsí ìwé àdéhùn kankan kò tíì pàdánù ẹ̀tọ́ rẹ̀. Òfin ní kí adájọ́ kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́ gan-an, kí olùpẹjọ́ sọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ṣẹlẹ̀, kí wọ́n sì bi ẹlẹ́jọ́ bóyá ohun tó gbà pé òun ṣe nìyẹn. Bí ẹ̀sùn bá jẹ́ èyí tí ikú jẹ́ ìjìyà rẹ̀, adájọ́ kò tilẹ̀ gbọdọ̀ gba “mo jẹ̀bi” lẹ́nu rẹ̀, “mi ò jẹ̀bi” ni yóò kọ. Bí wọ́n bá fo ọ̀kan nínú ìgbésẹ̀ wọ̀nyí, tàbí bí ìyà náà bá pọ̀ jù, ẹlẹ́jọ́ ní 90 ọjọ́ láti gbé e láti ilé ẹjọ́ gíga lọ sí ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ìwé àdéhùn abala 270 ló ń pa ìyẹn rẹ́.

Ó sì ń pa á rẹ́ fún ìjọba náà. Èyí ni àwọn tó ń yin ẹsẹ kejìdínlógún máa ń gbàgbé. John Yakubu Yusuf jẹ́ òṣìṣẹ́ àgbà ní ọ́fíìsì owó ìfẹ̀yìntì àwọn ọlọ́pàá. Ní ọjọ́ 28 oṣù kìíní ọdún 2013, ó ní òun jẹ̀bi ẹ̀sùn mẹ́ta lábẹ́ abala 309 òfin Penal Code. Adájọ́ Abubakar Talba ní kó lọ ẹ̀wọ̀n ọdún méjì lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, tàbí kó san 250,000 náírà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Yusuf san 750,000 náírà, ó bọ́ sínú ọkọ̀, ó lọ. Ìlú gbóná. Àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn adájọ́ ní kí Talba lọ rọ́kún nílé fún ọdún kan. EFCC pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ó sì di oṣù kẹta ọdún 2018 kí ilé ẹjọ́ tó wà ní Àbújá tó sọ pé ọdún mẹ́fà ni kó ṣe, kó sì san bílíọ̀nù 22.9 náírà padà.

Bí ó bá jẹ́ pé ìwé àdéhùn abala 270 ni wọ́n buwọ́ lù lọ́jọ́ náà, 750,000 náírà yẹn ì bá jẹ́ òpin ọ̀rọ̀. Àwọn ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìn tì ì bá máa wòran. A ti rí èyí tó jọ ọ́ nínú ẹjọ́ Igbinedion: nígbà tí EFCC tún fẹ́ gbé e dé kóòtù lórí ọ̀rọ̀ tó ti bá wọn ṣàdéhùn lé lórí, ilé ẹjọ́ ní kò ṣeé ṣe, wọn kì í dá ènìyàn lẹ́jọ́ lẹ́ẹ̀méjì lórí ẹ̀ṣẹ̀ kan.

Penal Code tí wọ́n fi dá Yusuf lẹ́jọ́ kì í ṣe àjèjì sí àwọn Okun. Àríwá ni ìjọba amúnisìn pín agbègbè Kàbà sí, nítorí náà láti oṣù kẹsàn-án ọdún 1960 ni òfin náà ti de Ìjùmú, Yàgbà àti Bùnú, nígbà tí àwọn ará wọn ní Èkìtì, tí oko wọn pààlà, ń lo Criminal Code ti Gúúsù. Èdè kan, oúnjẹ kan, òfin méjì. Wọ́n ti bá a gbé ní Kwara, wọ́n ń bá a gbé ní Kogi láti ọdún 1991. Kogi náà ti ní òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn tirẹ̀ báyìí bíi ti ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, ìyẹn ló sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ ti ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Lọ́kọ́jà bó ṣe jẹ́ ti Àbújá.

Ṣé ẹsẹ kejìdínlógún lè dúró níwájú òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1999? Òǹkọ̀wé yìí kò rò bẹ́ẹ̀. Abala 241 òfin ìpìlẹ̀ ló fún ènìyàn lẹ́tọ̀ọ́ láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Lóòótọ́, abala náà ní ẹni tó bá fẹ́ pe ẹjọ́ lórí ìdájọ́ tí tọ̀tún-tòsì jọ fọwọ́ sí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba àṣẹ ilé ẹjọ́. Ilẹ̀kùn tó ní àgádágodo nìyẹn, ẹni tó bá ní ìdí tó dára lè bẹ̀bẹ̀ fún kọ́kọ́rọ́. ACJA yọ ilẹ̀kùn náà kúrò, ó fi bíríkì dí i. Abala 1 òfin ìpìlẹ̀ kan náà sì sọ pé òfin èyíkéyìí tó bá takò ó kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ níbi tó ti takò ó.

Ní Amẹ́ríkà, níbi tí nǹkan bí 97 nínú ọgọ́rùn-ún ìdálẹ́bi ní àwọn ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ ti ń wá láti ẹnu ẹlẹ́jọ́ fúnra rẹ̀, fífi ẹ̀tọ́ yìí sílẹ̀ ti di ohun tí wọ́n ń tẹ̀ sínú ìwé àdéhùn. Ramon Olorunwa Abbas, Hushpuppi tí gbogbo Bàrígà mọ̀, buwọ́ lu tirẹ̀ ní California ní ọdún 2021. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, Adájọ́ Otis Wright fún un ní ọdún 11 àti oṣù mẹ́ta, ó sì ní kó san mílíọ̀nù 1.7 dọ́là àti díẹ̀ padà fún àwọn méjì tó lù ní jìbìtì. Àwọn ará Amẹ́ríkà kì í fi ojú àánú wo ẹlẹ́jọ́, ẹnikẹ́ni kò lè fi wọ́n ṣe àpẹẹrẹ ìwà pẹ̀lẹ́. Síbẹ̀ wọ́n ṣe ohun kan tí àwa kò ṣe. Ìlànà kọkànlá nínú ìlànà ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn wọn pa á láṣẹ pé kí adájọ́ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún ẹlẹ́jọ́, ní gbangba kóòtù, pé ìwé tó buwọ́ lù gba ẹ̀tọ́ ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lọ́wọ́ rẹ̀, kó sì rí i dájú pé ó yé e. Ìjọba wọn tún kọ̀wé sí àwọn agbẹjọ́rò rẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún 2014 pé kí wọ́n má ṣe máa ní kí ẹlẹ́jọ́ fi ẹ̀tọ́ láti ráhùn sí lọ́yà tó ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ní jákujàku sílẹ̀ mọ́.

Ilé ẹjọ́ tó ga jù níbẹ̀ lọ síwájú sí i ní oṣù kejì ọdún 2019, nínú ẹjọ́ Garza àti ìpínlẹ̀ Idaho. Garza ti buwọ́ lùwé pé òun kò ní pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Lẹ́yìn náà ó sọ fún lọ́yà rẹ̀ pé kó pè é. Lọ́yà kọ̀, ó ní ìwé ti dí i lọ́nà. Adájọ́ mẹ́fà nínú mẹ́sàn-án sọ pé lọ́yà náà ṣe àṣìṣe: kò sí ìwé tó dí gbogbo ọ̀nà tán, oníbàárà ló sì lẹ́tọ̀ọ́ láti pinnu bóyá òun fẹ́ lọ, kì í ṣe lọ́yà. Ní England, ẹni tó gbà pé òun jẹ̀bi ní kùtùkùtù lè rí ìdá kan nínú mẹ́ta ìyà rẹ̀ yọ kúrò, ó sì ṣì lè gbé ìyà tó kù lọ síwájú àwọn adájọ́ àgbà bó bá rí i pé ó pọ̀ jù. Ìjọba ibẹ̀ kò tíì wó nítorí ìyẹn.

Àwọn tó fẹ́ràn ẹsẹ kejìdínlógún ní ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ń pẹ́ jù ní Nàìjíríà, pé bí a bá ṣí i sílẹ̀, ẹni tó ti gba àǹfààní ìyà kékeré á tún sáré lọ wá òmìnira, owó tó dá padà náà á sì tún di àríyànjiyàn. Ọ̀rọ̀ wọn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n gbígba àṣẹ ilé ẹjọ́ kó tó lọ, gẹ́gẹ́ bí òfin ìpìlẹ̀ ṣe là á sílẹ̀, tó láti dá irú ẹni bẹ́ẹ̀ dúró. Kò yẹ ká tìtorí ẹlẹ́tàn kan gba ọ̀nà lọ́wọ́ ẹgbẹ̀rún tí wọ́n ń buwọ́ lùwé nítorí pé àtìmọ́lé ti sú wọn.

Kí àwọn aṣòfin Lọ́kọ́jà àti Àbújá fi ohun kẹrin kún ohun mẹ́ta tó wà nínú ẹsẹ keje: kí wọ́n sọ fún ẹlẹ́jọ́, ní èdè tó gbọ́, pé ọ̀nà ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn fẹ́ dí. Àwọn adájọ́ kò tilẹ̀ nílò láti dúró de aṣòfin, nítorí kò sí òfin tó ní kí wọ́n má sọ ìyẹn fún ẹlẹ́jọ́ lónìí. Ìwọ tí o sì ní ọmọ tàbí àbúrò ní àtìmọ́lé ní Kàbà, bí wọ́n bá gbé ìwé àdéhùn wá, ní kí lọ́yà ka abala 270 ẹsẹ kejìdínlógún sí yín létí kí ẹnikẹ́ni tó mú bírò. Bí kò bá sí owó lọ́yà, àjọ Legal Aid Council wà fún irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni fún ẹni tí agbára rẹ̀ kò ká a.